Ohun Tí Ọ̀dà Búlúù Bò Mọ́lẹ̀

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn àgbà ló pa á lówe. Débọ́lá, ọmọbìnrin ìyá aránṣọ kan ní Alápẹ̀rẹ̀, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án, lọ́sàn-án gangan, lára ilẹ̀kùn mọ́tò kan ní Ìkòsí.

Ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Débọ́lá ń fọ mọ́tò. Kì í ṣe pé ó ń da omi sí i lára lásán o. Mọ́nsúrù, ọ̀gá rẹ̀, kọ́ ọ bí a ṣe ń yọ àbàwọ́n kúrò lára àga, bí a ṣe ń lé òórùn jáde nínú búùtì, àti bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ tí ń yí bírí dán ara mọ́tò títí ènìyàn yóò fi rí eyín ara rẹ̀ níbẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ ọkùnrin ló ń ṣe, a dáhùn pé, "Ìdọ̀tí inú mọ́tò yín yìí ńkọ́? Ṣé obìnrin ló dá a síbẹ̀ ni?"

Ṣùgbọ́n òjò ọdún náà pọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, ta ni yóò gbé mọ́tò wá fún fífọ̀? Ìyá rẹ̀, tó ń rán sùtánà fún àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ló mú ìmọ̀ràn wá lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ kan.

"Débọ́lá, àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ ní Ìkòsí, òjò ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni, mọ́tò wọn gbọ́dọ̀ máa dán. Kí ló dé tí o ò lọ bá wọn wá iṣẹ́? Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Nígbà tí Mọ́nsúrù gbọ́, ó mi orí.

"Ìyá ẹ fẹ́ràn ẹ ni. Ṣùgbọ́n gbọ́ tèmi. Ẹni tó ni mọ́tò ń fọ̀ ọ́ kó lè gbádùn ẹ̀. Ẹni tó ń ta mọ́tò, ojú ẹni tó máa rà á ló ń fẹ́ kó o fọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó o bá wọn bo nǹkan, ṣé wàá lè sọ pé rárá?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà! Ṣé gbogbo wọn ló burú ni?"

"Mi ò sọ pé wọ́n burú. Mo ní ọjọ́ náà ń bọ̀."

Débọ́lá lọ. Ní sítáǹdì àkọ́kọ́ tó dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó lábẹ́ agbòòrùn, ó ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà.

"Ẹ káàsán sà. Iṣẹ́ ni mo wá wá."

"A ò gba akọ̀wé o."

"Mi ò pe ara mi ní akọ̀wé. Mọ́tò yín tó dọ̀tí ni mo fẹ́ bá yín fọ̀."

"Èwo ló dọ̀tí níbí?"

Débọ́lá kò fèsì. Ó rìn lọ bá mọ́tò tó sún mọ́ ọn jù, ó na ìka, ó sì kọ DÉBỌ́LÁ gàdàgbà gadagba sínú eruku ara gíláàsì rẹ̀. Ó yíjú padà. "Bí kò bá dọ̀tí, ẹ bá mi kà á."

Ẹ̀pà gba ọ̀nà òdì lọ́nà ọ̀fun ọkùnrin náà. Ó húkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó tún húkọ́. "Ta lò ń pè ní sà? Ṣọládé ni mo ń jẹ́. Bàbá mi ló ni ibí. Máa bọ̀ lọ́la."

Débọ́lá rí iṣẹ́. Ohun tí kò mọ̀ ni pé Ṣọládé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu gíláàsì yẹn títí ó fi padà dé.

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé, kò kan ilẹ̀kùn. Ṣọládé a ra omi tútù wá fún un, a bá a fa wáyà jẹnẹrétọ̀, a máa bi í ní ìbéèrè tí kò ní láárí. Ọjọ́ tó gbọ́ pé Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀, ayé bàjẹ́. Ó di kó máa tẹ̀lé e yí mọ́tò ká bí ẹni tí wọ́n háyà láti máa kì í.

"Àbẹ̀kẹ́ tèmi! A bẹ̀ ọ́ kí a tó rí ọ kẹ́. Ọwọ́ rẹ kan irin, irin ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ kan gíláàsì, gíláàsì ń dá ọ mọ̀. Àbẹ̀kẹ́, má fọ̀ mí dànù mọ́ ìdọ̀tí o!"

"Kúrò lójú ọ̀nà, kí n má fi omi ọṣẹ wẹ̀ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ń sọ, ṣùgbọ́n bó bá délé, yóò máa rẹ́rìn-ín nìdí ẹ̀bà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ le sí ni ọ̀dọ̀ bàbá. Alàgbà Oyèwùmí ga, ó ní ọ̀wọ̀. Kì í ṣí sítáǹdì láìgbàdúrà. Nínú ìjọ, bó bá dìde, ariwo ọmọdé a dákẹ́. Kì í bá Débọ́lá jà, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Mo sanwó fún un kó fọ mọ́tò mi. Mi ò sọ pé kó wá jókòó nínú ilé mi."

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, Débọ́lá ń dán mọ́tò Kàrínà búlúù kan. Obìnrin kan láti Ṣangíṣà, Madam Edith, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ti san apá kan owó rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọkọ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń yọ lẹ́nu. Sátidé ni yóò wá gbé e, kí wọ́n lè gbàdúrà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rọ ń yí létí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nígbà tí Ṣọládé dé.

"Àbẹ̀kẹ́, pa ẹ̀rọ yẹn ná."

"Mò ń ṣiṣẹ́."

"Mo ti bá Mummy mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n fi sùúrù bá Daddy lò. Àmọ́ n kò lè dúró mọ́. Mo fẹ́ fi ọ́ ṣe aya. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ yẹn ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ọwọ́ kì í dúró lójú kan. Débọ́lá mọ̀. Mọ́nsúrù ti sọ ọ́ sí i létí títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Òórùn ọ̀dà tó jóná ló jí i.

"Yéè! Mo ti ba mọ́tò jẹ́!"

Ó pa ẹ̀rọ. Ojú ibẹ̀ kò ju orógbó lọ. Ó fi àkísà nù ún. Irin ló yẹ kó rí lábẹ́ ọ̀dà búlúù, tàbí ọ̀dà funfun ìpìlẹ̀. Kì í ṣe irin. Kì í ṣe funfun. Yẹ́lò ni, yẹ́lò rẹ́súrẹ́sú. Ó tún nù ún, ilà dúdú kan sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹ́lò náà, ó gún gbọọrọ.

Kò sí ọmọ Èkó tí kò mọ àwọ̀ yẹn.

"Ṣọládé," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Takisí ni."

"Kò lè jẹ́. Daddy ní láti Kútọnu ni wọ́n ti gbé e wọlé."

"Ìwọ náà wò ó."

Ṣọládé wò ó. Ẹ̀rín tó gbé wá bá a kú sí i lójú.

"Kí ló dé tí ẹ̀rọ dákẹ́?" Alàgbà Oyèwùmí ló ti inú ọ́fíìsì jáde. Ó dé ìdí mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ibi tó jóná. Kò yà á lẹ́nu. Ibẹ̀ gan-an ni Débọ́lá ti rí i pé bàbá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ta ló ní kó o gbé ẹ̀rọ sójú kan?"

"Ẹ má bínú, sà. Àmọ́ mọ́tò yìí..."

"Mọ́tò ni mọ́tò yìí. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, táyà ẹ̀ ń yí. Gbogbo ẹni tó ń tajà ló ń tún ojú ọjà ẹ̀ ṣe. Ìyá rẹ tó ń ránṣọ, ṣé kì í fi aṣọ inú bo ojú rírán ni?"

Débọ́lá kúnlẹ̀ kó tó dáhùn. "Wọ́n ń bò ó, sà. Àmọ́ wọn kì í ta àlòkù sùtánà ní tuntun."

Ojú Alàgbà pọ́n. Lẹ́yìn náà, ó rọ̀. Rírọ̀ yẹn ló bani lẹ́rù ju pípọ́n lọ.

"Dìde. Mo mọ ohun tó wà láàárín ìwọ àti ọmọ mi. Kò dùn mọ́ mi tẹ́lẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè bo àṣírí ilé, ọmọ ilé ni. Mo máa pe akunmọ́tò kó tún ibẹ̀ ṣe. Ṣáà ti panu mọ́ títí ìyá yẹn á fi gbé mọ́tò ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, èmi Oyèwùmí, tèmi tìyàwó mi, máa wá kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ."

Débọ́lá wo Ṣọládé. Ilẹ̀ ni Ṣọládé ń wò. Lóòótọ́, ẹ̀kọ́ ilé ni pé ọmọ kì í já bàbá rẹ̀ níyàn. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ìbẹ̀rù máa ń yá agbádá ẹ̀kọ́ ilé wọ̀.

Débọ́lá di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó ròyìn fún ìyá rẹ̀, ìyá dá iṣẹ́ dúró, ó gbé ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Wọ́n ní àwọn fúnra wọn máa wá? Olúwa ṣeun! Dákẹ́ ná, ọmọ mi. Bó o bá ti wọlé tán, wàá máa tún wọn ṣe díẹ̀díẹ̀."

"Mummy, ọkọ Madam Edith ò lè gun bọ́ọ̀sì mọ́ nítorí ẹsẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rà á."

"Ṣé ìwọ lo kùn ún?"

"Èmi ni mo dán an."

Ìyá gbé aṣọ tó ń rán sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà bó ti máa ń ṣe. Ó dúpẹ́, ó yin Ọlọ́run Olùpèsè, Arúgbó ọjọ́, Ọba tí ń ti ilẹ̀kùn tẹ́nìkan ò lè ṣí i. "Olúwa, fún ọmọ mi ní ọkọ. Kó wọlé ọkọ pẹ̀lú ayọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sunkún nítorí ayọ̀ rẹ̀..."

Ó lajú. Débọ́lá ń retí àmín. Àmín kò wá.

"Débọ́lá," ni ìyá rẹ̀ wí, ojú rẹ̀ kún fún omi, "àdúrà yìí ò ṣeé parí. Lọ ṣe ohun tó yẹ kó o ṣe."

Ní Sátidé, Débọ́lá padà sí Ìkòsí. Akunmọ́tò ti ṣiṣẹ́. Ara Kàrínà náà dán bí ojú omi Agboyi nígbà tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Madam Edith ti dé pẹ̀lú gèlè rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa mọ́tò lára bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lára. Ṣọládé wà lẹ́nu ọ́fíìsì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú bí ẹni tí kò rí oorun sùn.

"Ṣé ìwọ lo jẹ́ kó dán báyìí?" Madam Edith bi Débọ́lá. "Well done, ọmọ mi. Ọlọ́run á fún ẹ lọ́kọ rere."

"Àmín, Mà." Ó wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò náà.

"Daddy ilé wa ò ní fi ẹsẹ̀ yẹn fò mọ́ bọ́ọ̀sì mọ́. Gbọ́, ìwọ lo mọ inú ẹ̀ mọ ìta ẹ̀. Tó bá jẹ́ mọ́mì tìẹ ló fẹ́ rà á, ṣé wàá ní kí wọ́n rà á?"

Ìbéèrè náà rọrùn. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń bi í. Alàgbà Oyèwùmí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ikọ́ àgbà tó ń sọ pé, panu mọ́. Débọ́lá rí ọjọ́ Àìkú níwájú rẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀ tó ń tẹ́ aṣọ sórí àga fún àlejò. Ó rí Ṣọládé.

"Rárá, Mà," ló wí. "Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n rà á."

"Ẹ gbọ́ ọmọ yìí o!" Alàgbà bú jáde, ó yíjú sí àwọn tó ń kọjá. "Ó fẹ́ wọ ilé mi tipátipá, mo ní rárá, ló wá ń bà mí lọ́jà jẹ́! Onílara! Ó dáa. Bó bá rí àbùkù kan lára mọ́tò yìí, kó fi hàn wá!"

Àwọn ènìyàn dúró. Débọ́lá fọwọ́ wá etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó jọ̀lọ̀. Kò sí ojú àpá kankan. Ó tún fọwọ́ wá a. Omijé sún mọ́ ojú rẹ̀. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹsẹ̀ kan rìn wá. Ṣọládé ni. Kò wo bàbá rẹ̀, kò sì wo Débọ́lá. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ki ìka bọ abẹ́ rọ́bà dúdú tó yí ẹnu ilẹ̀kùn ká, ó fà á. Rọ́bà náà ṣí kúrò látòkè délẹ̀. Akunmọ́tò kì í dé abẹ́ rọ́bà. Yẹ́lò ló wà níbẹ̀, yẹ́lò bíi máńgòrò tó pọ́n.

"Mummy," Ṣọládé sọ fún Madam Edith, "takisí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa."

Alàgbà kò pariwo mọ́. "Ṣọládé," ó wí jẹ́jẹ́, "gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀. Jáde ní sítáǹdì mi."

Wọ́n dá owó Madam Edith padà fún un níbẹ̀. Bó ṣe ń lọ, ó di Débọ́lá lọ́wọ́ mú. "God go bless you, my pikin," ló wí.

Ṣọládé sáré tẹ̀lé Débọ́lá dé etí títì. "Àbẹ̀kẹ́, dúró."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Mo sọ ọ́. Nítorí ẹ ni mo ṣe sọ ọ́."

"Lẹ́yìn tí wọ́n ti pè mí ní onílara lójú gbogbo Ìkòsí! Lọ́jọ́ tí mo wo ojú ẹ, ilẹ̀ lò ń wò, Ṣọládé. Ṣé báyìí ni wàá máa wo ilẹ̀ bí wọ́n bá ń bú mi nílé yín? Mo fẹ́ràn ẹ. Àmọ́ mi ò lè fẹ́ ẹni tí ohùn ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé."

Ó sọdá. Kò wẹ̀yìn.

Ó padà sọ́dọ̀ Mọ́nsúrù ní Alápẹ̀rẹ̀. Mọ́nsúrù kò sọ pé, "Ṣebí mo wí." Ó gbé àkísà tuntun fún un, ó ní, "Bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé." Òjò ń rọ̀, iṣẹ́ kò pọ̀, Débọ́lá ń rù. Ìyá rẹ̀ ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú àdúrà náà mọ́.

Ní Ìkòsí, ọ̀rọ̀ kò kú. Gbogbo ẹni tó bá dé sítáǹdì Alàgbà, kò ní wo ẹ́ńjìnnì, kò ní bèèrè iye. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fà. Mọ́tò tó dára, mọ́tò tí kò dára, wọ́n ń tú u ní rọ́bà bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú ìjọ, nígbà tí wọ́n pe Alàgbà kó wá ṣáájú àdúrà, ó jókòó síbi tó wà, ó ní ọ̀fun ń dun òun.

Ọ̀sán kan tí òjò dá, mọ́tò Gọ́ọ̀fù eléèérú kan tó kún fún eruku yà wọ ibi ìfọmọ́tò Mọ́nsúrù. Ṣọládé ló wà á. Ó ti gbẹ. Alàgbà Oyèwùmí sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Débọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ wá fún ọmọ rẹ̀ ni. Ó kúnlẹ̀ kí i, ẹ̀rù ń bà á.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Ẹ dìde, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Alàgbà ṣí fìlà. "Mo ní mo máa wá kan ilẹ̀kùn yín. Ilẹ̀kùn yẹn ò tíì tọ́ sí mi. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ kì í nawọ́ já òdòdó nínú ọgbà ẹlòmíràn. Ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ wá fọ̀."

Ìyá gbójú sókè ọ̀run, ó mí kanlẹ̀. "Olúwa a bá wa wẹ gbogbo wa mọ́, sà."

Alàgbà yíjú sí Débọ́lá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà rẹ̀ mú. "Mo pè ọ́ ní onílara. O kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ ta Gọ́ọ̀fù yìí fún mi, n kò tíì sanwó ẹ̀. Ṣọládé ní òun ò ní bá mi ta mọ́tò kankan mọ́ àfi èyí tó o bá kọ́kọ́ wò, tó o sì sọ ohun tó o rí síta. Ọmọ mi, bá mi wò ó."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Mọ́nsúrù ké láti ìdí ọpọ́n omi. "Tẹ́lẹ̀, àwa là ń rìn lọ bá wọn tọrọ iṣẹ́. Iṣẹ́ wá fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá lónìí!"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ń wo Débọ́lá.

Ó nu ọwọ́ lára aṣọ. Ó yí Gọ́ọ̀fù náà ká. Ní ẹ̀yìn, ó dúró. Ẹnìkan ti fi ìka kọ̀wé sínú eruku gíláàsì: ÀBẸ̀KẸ́, JỌ̀Ọ́. Ó kà á, ó tún un kà. Àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò nù ún.

Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ṣí i, ó ki ìka bọ abẹ́ rọ́bà. Afẹ́fẹ́ àwọn mọ́tò tó ń sáré kọjá ní títì ń ti ilẹ̀kùn náà padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ṣí i, ó tún padà. Ṣọládé dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ojú rẹ̀ kò sí nílẹ̀ lónìí, ojú Débọ́lá ló ń wò.

"Ṣọládé," ni Débọ́lá pè é. "Wá bá mi di ilẹ̀kùn yìí mú."